Sáré Pẹ̀lú Rẹ̀ Kí O Tó Ju Ẹrù Sí I

Erúnmu,
Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ mi, àkọ́bí mi, ọmọ tó mọ mọ́tò wà kó tó mọ iyán gún,

Mo ti fọ ẹ̀gẹ́ kúrò lọ́wọ́. Mo jókòó sẹ́yìn ilé níbi tí atẹ́gùn wà, mo dojú garawa dé, òun ni mo fi ṣe tábìlì. Ara wa le. Bàbá rẹ wà. Àwọn àbúrò rẹ ti ti ilé-ìwé dé, wọ́n sì ti ń jà lórí ta ni yóò kọ́kọ́ bu ọbẹ̀. Bí o ṣe fi ilé sílẹ̀ náà ló wà.

Láti ọjọ́ Àìkú tí o ti padà sí Olódò ni o ti ń pè mí, ohun kan náà ni mo sì ń dá ọ lóhùn: "Ó dáa." Mo mọ̀ pé ìyẹn kò tó. Ẹnu mi kì í yá lórí fóònù. Bí mo bá ti gbé e sétí, ńṣe ni gbogbo ọ̀rọ̀ á sá wọ ihò. Ṣùgbọ́n bí mo bá mú bírò, wọn á máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, wá ibi jókòó sí. Lẹ́tà yìí gùn.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń dùn ọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, tẹ̀ríntẹ̀rín lo wọlé. O kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, Bàbá Wàhábì, tí í ṣe olórí ilé wa, o sì sọ fún wọn pé Alájà tó ni ilé ẹ̀rọ gààrí ní Olódò ti ní kí o wá máa wa ọkọ̀ akẹ́rù òun, kí o máa kó ẹ̀gẹ́ láti oko Ìrókò àti láti ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí lọ sí ilé ẹ̀rọ. O ní wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì rẹ lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, o sì ní bí ilé kò bá fọwọ́ sí i, o kò ní gbà á. Kí o mọ̀ pé gbólóhùn ìkẹyìn yẹn dùn mọ́ mi nínú ju iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lọ.

Bàbá Wàhábì gbé orógbó tí wọ́n ń jẹ sílẹ̀.

"Ọkọ̀ akẹ́rù? Onítáyà mẹ́fà? Ṣé àwọn ọkùnrin ti tán ní Olódò ni?"

O ní, "Wọn ò tán, Bàbá. Wọ́n dán àwọn náà wò. Èmi ni wọ́n mú."

"Ẹni tó bá ń wa onítáyà mẹ́fà, apá rẹ̀ á le bí apá alágbẹ̀dẹ. Ta ni yóò wá fẹ́ ẹ?"

Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò rẹ dáhùn láti inú yàrá: "Alágbẹ̀dẹ ni!"

Bàbá Wàhábì kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí àwọn bá ṣì ń mí nínú agbo ilé yìí, ọmọbìnrin kan kò ní ti ibí jáde lọ wa onítáyà mẹ́fà. Bàbá rẹ, tí kì í bá ẹ̀gbọ́n wọn jiyàn, fọwọ́ pa orí, wọ́n ní, "Ohun tí ìyá rẹ̀ bá sọ ni màá fọwọ́ sí." Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ mi. O ní, "Màámi, ẹ sọ̀rọ̀ nísinsìnyí." Mo ní, "Mo gbọ́ ohun tí ẹ̀yin méjèèjì wí." Kò sí ohun tí mo tún fi kún un. O gbé báàgì rẹ. O kí gbogbo wa kí o tó jáde, ẹ̀kọ́ ilé rẹ kò yẹ̀, ṣùgbọ́n o kò wo ojú mi.

O rò pé mo fi ọ́ sílẹ̀ ni. N kò fi ọ́ sílẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Àpò ni mo jẹ́ kó dẹ̀. Bí o bá kà síwájú, wàá mọ irú àpò tí mo ń wí.

O mọ̀ pé mo ka ìwé mẹ́wàá, àti pé ọdún tí mo jáde ni mo bí ọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ọjà fi máa ń pè wá ní tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Ohun tí n kò sọ fún ọ rí ni pé nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ wa ní Ìrókò, físíìsì ló dùn mọ́ mi jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í nawọ́ sókè. Ilé-ìwé wa kò ní ohun èlò kankan. Nígbà tí a dé orí ẹ̀kọ́ nípa ohun tó ń kọ lu ohun mìíràn, tíṣà wa ní kí àwọn ọmọkùnrin mú mọ́tò agolo wá láti ilé, irú èyí tí àwọn ọmọdé máa ń fi agolo sàdíìnì ṣe, tí wọ́n á gé bàtà sílípáàsì fi ṣe táyà rẹ̀.

Tíṣà gbé ọ̀kan kalẹ̀ sórí tábìlì, ó lẹ amọ̀ rírọ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Ó wá ti ìkejì, tí wọ́n jọ wúwo bákan náà, pé kó lọ kọ lù ú. Ó dún, pọ̀! Wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Àwọn méjèèjì wá jọ ń lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń lọ jẹ́jẹ́.

Tíṣà ní, "Eré tí ọ̀kan ń sá tẹ́lẹ̀ ti di ìdajì. Kí ló sọnù?"

Ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Tìámíyù, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó ní, "Sà, eré ló sọnù. Ẹ jẹ́ ká kéde rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, bóyá ẹnì kan rí i he."

Nígbà tí a rẹ́rìn-ín tán, tíṣà ṣàlàyé. Ohun kan wà tí òyìnbó ń pè ní mòméńtọ̀mù. Èmi fún un lórúkọ nínú ìwé mi, mo pè é ní ẹrù eré. Gbogbo ohun tó bá ń lọ ló ru ẹrù eré. Bó bá ṣe wúwo tó, tó sì yára tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù náà ṣe pọ̀ tó. Bí ohun méjì bá kọ lu ara wọn, tí kò sí ohun mìíràn tó dí wọn lọ́wọ́, ẹrù eré kì í sọnù, wọn á pín in rù ni. Mọ́tò kan ló rù ú tẹ́lẹ̀, méjì ló rù ú báyìí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lọ jẹ́jẹ́. Ohun tó ń dànù ni agbára. Tíṣà wá bèèrè pé ibo ni agbára náà gbà lọ. Mo kọ èsì mi sí bébà kékeré kan, ọ̀rẹ́ mi sì já a gbà lọ́wọ́ mi, ó dìde kà á sókè: "Ó wà nínú ariwo tó dún. Ó wà nínú amọ̀ tó tẹ̀. Ìyókù ti di ooru." Tíṣà wo gbogbo kíláàsì yíká. Mo wolẹ̀. Ó ní ẹni tó kọ ọ́ gbà á, pé ìdajì agbára mọ́tò àkọ́kọ́ ló bá ọ̀nà yẹn lọ, kò sì ní padà mọ́.

Mo délé, mo sọ ọ́ fún ìyá mi. Wọ́n ní, "Ìyẹn ni pé omi ló dànù, agbè ò fọ́." Láti ọjọ́ náà, n kò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́ tó dára jù bẹ́ẹ̀.

Ó dáa. Ìmọ̀ràn mi nìyí. Mo kọ nọ́ńbà sí i nítorí mo mọ̀ pé o fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá gùn dọ́gba, má bi mí.

Èkíní: mọ ẹrù tí o rù kí o tó mọ eré tí wàá sá.

Mọ́tò òfìfo àti èyí tí ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́fọ́ lè máa sá eré kan náà. Abẹ́rẹ́ tó wà níwájú rẹ yóò sọ ohun kan náà fún ọ nípa méjèèjì. Má gbà á gbọ́. Eré nìkan ni abẹ́rẹ́ mọ̀, kò mọ ẹrù eré. Ohun tí bùréèkì rẹ yóò bá jà ni ẹrù eré.

Èmi náà kọ́ èyí pẹ̀lú ìtìjú. Mo máa ń gun kẹ̀kẹ́ bàbá mi sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò, mo sì mọ igi tí mo ti máa ń tẹ bùréèkì gan-an. Lọ́jọ́ kan wọ́n di àpò àgbàdo méjì mọ́ ọn lẹ́yìn. Ibi igi kan náà ni mo ti tẹ bùréèkì. Kẹ̀kẹ́ kò mọ̀ pé mo tẹ̀ ẹ́. Inú odò ni a jọ dúró sí, èmi, kẹ̀kẹ́ àti àgbàdo. Ìyá mi dúró sókè, wọ́n ní, "Ó káre, Sìdíkátù. Àwọn ẹja á máa rántí rẹ nínú àdúrà."

Nítorí náà, bí o bá ru ẹrù, yan igi mìíràn, èyí tó jìnnà sẹ́yìn. Má sì rò pé ẹ̀gẹ́ nìkan ni ẹrù. Ọjọ́ tí inú bá ń bí ọ, tí ebi ń pa ọ́, tàbí tí o kò sùn dáadáa, ẹrù rẹ ti pọ̀ kí o tó mú kọ́kọ́rọ́. Rọra lọ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. A kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, Alájà kò sì tíì ní kí o máa lé nǹkan fún òun.

Èkejì: jẹ́ kí àpò dẹ̀.

O mọ bí a ṣe ń ká ọsàn nílé wa ní Ìrókò. A kì í jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀, torí èyí tó bá fara pa kì í dé ọjà kó tó rà. Ẹnì kan á gun igi, ẹni méjì á di etí àpò mú nísàlẹ̀, wọn á máa fi gba ọsàn. Ọjọ́ tí ìyá mi kọ́kọ́ ní kí n wá di etí àpò kan mú, mo fà á le títí kò fi ní ìṣẹ́po kankan, mo rò pé bí iṣẹ́ tó mọ́ ṣe máa ń rí nìyẹn. Àbúrò mi Múráínà ju ọsàn sílẹ̀ látorí igi. Ọsàn ta lórí àpò bí bọ́ọ̀lù, ó sì ba ìyá mi níwájú orí.

"Ṣé orí mi lo fẹ́ kí n máa fi ká ọsàn ni?"

Múráínà ń rẹ́rìn-ín lókè: "Ẹ má bínú, Màámi. Ó rò pé bẹ́ẹ̀dì ló ń tẹ́ fún àlejò ni."

Àpò tó dẹ̀ á bá ọsàn rìn wálẹ̀ díẹ̀, á sì máa gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ọsàn á fi gbàgbé pé òun ń sáré. Èyí tó le kò ní sùúrù ìyẹn. Ńṣe ló máa ń dá a padà, ẹni tí kò sì ṣe nǹkan kan ló máa ń bà.

Àwọn awakọ̀ yòókù yóò sọ̀rọ̀ sí ọ. Wọn á ní, "Ìyá dẹ́rẹ́bà, ṣé ẹsẹ̀ rẹ dé bùréèkì?" Má fa àpò le. Rẹ́rìn-ín, kí o wọ mọ́tò rẹ. Ọ̀rọ̀ tó bọ́ sínú àpò tó dẹ̀ kì í dún.

Ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ Àìkú nìyẹn. Ọ̀rọ̀ Bàbá Wàhábì ń bọ̀ látòkè, ó ń bọ̀ kíkan-kíkan. Ká ní mo fa àpò le, tí mo ní "Ọmọ mi á lọ!", iwájú orí rẹ ni ìbá ta bà, bàbá rẹ ìbá sì wà láàárín. Mo gbà á, mo jẹ́ kó balẹ̀. Kì í ṣe pé n kò ní èsì. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta, èyí ni mo tìtorí ẹ̀ kọ lẹ́tà: sáré pẹ̀lú rẹ̀ kí o tó ju ẹrù sí i.

Nígbà tí mo wà lọ́mọge, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń wọ ọ̀nà oko wa, pikọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tí sítátà rẹ̀ ti kú. Bó bá dákẹ́ lójú ọ̀nà, gbogbo abúlé ni yóò tì í kó tó jí. Nítorí náà, awakọ̀ rẹ̀ kì í dúró rárá. Á máa wọ́ lọ, àwa tí a wà létí oko á máa ju àpò ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn rẹ̀ bó ti ń kọjá. Àpò ń bẹ́, ẹ̀gẹ́ ń fọ́n ká, gbogbo wa sì ń di ẹ̀bi ru ẹni tó rán àpò.

Lọ́jọ́ kan mo fẹ́ kí tèmi kọ́kọ́ wọlé kí ọkọ̀ tó kún. Mo sáré lọ pàdé rẹ̀ níwájú, mo sì ju àpò bó ti ń bọ̀. Àpò ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀, wọ́n pàdé lágbedeméjì. Àpò fàya, ẹ̀gẹ́ kan gbá mi láyà, mo jókòó sínú ebè. Awakọ̀ yọrí síta.

"Ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ pa mọ́tò mi ni?"

Ìyá mi dá awakọ̀ lóhùn: "Mọ́tò tó ti kú tẹ́lẹ̀!"

Mo ń ṣa ẹ̀gẹ́, mo sì ń ronú nípa mọ́tò agolo. Ariwo yẹn, àpò tó ya, àyà mi tó ń ta mí, agbára ló dànù sí gbogbo wọn. Agbára náà pọ̀ nítorí pé ẹrù mi àti mọ́tò dojú kọ ara wọn. Ká ní mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́, tí a jọ kọrí sí ọ̀nà kan, tí eré mi àti tirẹ̀ dọ́gba? Nígbà tí ọkọ̀ tún dé, mo gbé àpò sí èjìká, mo bá a sáré ní ẹ̀gbẹ́. Múráínà pariwo pé, "Ẹ wò ó, ó fẹ́ bá a délé!" Ìgbà tí ó kan dà bíi pé ọkọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí èmi náà sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo gbé àpò sí i. N kò jù ú, mo gbé e sí i ni. Kò dún. Ọkọ̀ kò tilẹ̀ mí. Láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, gbogbo obìnrin etí oko ló ti ń bá a sáré, wọn kò sì bú ẹni tó rán àpò mọ́.

Ibi iṣẹ́ tí o ń lọ yìí, mọ́tò tó ti ń lọ tẹ́lẹ̀ ni. Má lọ pàdé rẹ̀ níwájú. Kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn, ẹni tó máa ń kọ́kọ́ já ẹrù, ibi tí wọ́n ń jókòó sí jẹun. Bí eré yín bá ti dọ́gba, gbé èrò tìrẹ sí i. Ìgbà tó o bá sì ṣe ìgbéyàwó, bẹ́ẹ̀ náà ni. Èmi gbàgbé ẹ̀kọ́ mi nígbà tí mo wọ ilé yìí. Iwájú ni mo tún ti pàdé ìyá bàbá rẹ. Wọ́n ń dáná nídàájí, èmi ní òórọ̀ ló yẹ. Wọ́n ń gún ata, èmi ní kí a lọ̀ ọ́. Pọ̀! A lẹ̀ mọ́ra nígbà tó yá, a sì jọ lọ títí Ọlọ́run fi pè wọ́n, wọ́n sì fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n agbára tó bá ariwo lọ lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, à bá fi dá oko kan sí i.

Fún ìdí èyí, nígbà tí ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ bá Bàbá Wàhábì sáré.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo mú àdá mi, mo tẹ̀ lé wọn lọ sí oko. N kò dárúkọ rẹ. Ẹ̀gẹ́ wọn ni mo bèèrè. Wọ́n ní ó ti ń jẹrà nínú ilẹ̀, pé àwọn awakọ̀ tí wọ́n ń pè kì í wá, torí ọ̀nà oko wa kò dára. Mo ní òótọ́ ni. A tún rìn. Wọ́n ní ẹni tó bá máa wọ ọ̀nà yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. A tún rìn. Nígbà tó yá, wọ́n dúró.

"Ìyàwó, ìwọ kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú."

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ń sọ̀rọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ náà. Wọ́n wá sọ ohun tí n kò mọ̀. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà ní ọ̀dọ́, akẹ́rù kan já wọ ọjà Erúnmu láìní bùréèkì, inú gọ́tà ni àwọn bẹ́ sí. Wọ́n ní, "Kì í ṣe torí pé ó jẹ́ obìnrin nìkan. Mo ti rí onítáyà mẹ́fà tí kò mọ ibi tó máa dúró sí. Ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn pọ̀n ni."

O gbọ́ ọ, Àbẹ̀kẹ́? Ẹ̀rù rẹ ló ń bà wọ́n, wọ́n wá fi ìbínú bò ó. Mo ní, "Bàbá, dídúró gan-an ni ọmọ náà kọ́kọ́ kọ́. Ẹ wò ó fúnra yín."

Nígbà tí a dé oko, wọ́n gbé àdá wọn sílẹ̀. Wọ́n ní, "Kó gba mọ́tò náà lọ́wọ́ Alájà lọ́jọ́ Àìkú, kó fi ẹ̀yìn wọ agbo ilé. Àárín ògiri àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi ni kó gbà. Bí kò bá kan ọ̀kankan, ẹ̀gẹ́ tèmi ni kó kọ́kọ́ kó lọ́jọ́ Ajé. Bí ewé kan bá ya, kó dá kọ́kọ́rọ́ padà."

"Èyí tí atẹ́gùn ti ya tẹ́lẹ̀ ńkọ́, Bàbá?"

"Màá ti kà á."

Èyí tó kù kéré. Ẹ̀kẹrin: jẹ́ kí páànù tẹ̀. Bí ọjọ́ kan bá dé, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, tí o rí i pé kíkọlù kò ṣeé yẹ̀ mọ́, yan ohun tó rọ̀. Igbó sàn ju ògiri lọ, ebè sàn ju igi lọ. De bẹ́líìtì rẹ kódà bí o bá ń ti inú oko kan bọ́ sí èkejì. Ohun tó bá ń tẹ̀ ń gba agbára sára kí ìwọ má baà gbà á. Bí mọ́tò Alájà bá tẹ̀, tí orí rẹ kò tẹ̀, má tìtorí ìtìjú sá lọ sí ibì kankan. Wá sílé, màá gún iyán. Alágbẹ̀dẹ páànù wà káàkiri, wọn kò lè rọ ọmọ.

Àbẹ̀kẹ́, ohun kan kù tí mo ti ń pa mọ́ra. Nígbà tí o wà lọ́dọ̀ Múráínà ní Ìrókò, tó ń kọ́ ọ ní mọ́tò wíwà, mo wá lọ́jọ́ kan láìsọ fún ọ. Mo dúró sábẹ́ igi ọsàn létí ọ̀nà oko. O ń wa pikọ́ọ̀pù àtijọ́ yẹn bọ̀, èyí tó ti di ti Múráínà. Ìyá arúgbó kan gbé apẹ̀rẹ̀ àgbàdo, wọ́n fẹ́ bá ọ sáré bí gbogbo obìnrin ibẹ̀ ti ń ṣe, ẹsẹ̀ wọn kò sì gbé e. Múráínà ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ pé, "Máa lọ, máa lọ, kó má kú mọ́ wa lọ́wọ́!" O yọrí síta, o ní, "Ìyá, ẹ má sáré o. Ẹ máa rìn bí ẹ ṣe ń rìn, èmi ni màá bá yín lọ." Mọ́tò náà wá ń rìn bí arúgbó, kò kú, kò sì ta, títí wọ́n fi gbé apẹ̀rẹ̀ wọn sẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ sórí ẹní.

Èmi kọ́ àwọn ènìyàn láti bá mọ́tò sáré. Ìwọ lo kọ́ mọ́tò láti bá ènìyàn rìn. N kò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Mo dúró lábẹ́ igi yẹn, mo fi ìborùn nu ojú, mo sì gba ẹ̀yìn oko lọ kí o má baà rí mi.

Èsì mi rèé, èyí tí o bèèrè lójú gbogbo ilé: lọ. Mo fọwọ́ sí i, tọkàntọkàn. Àǹtí rẹ ń bọ̀ ní Olódò lọ́la, àwọn ni màá fi lẹ́tà yìí rán. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Láti àná ni wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ wọn àárín ògiri àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn, wọ́n rò pé n kò rí wọn.

Lọ́jọ́ Àìkú, bí o bá dé ẹnu ọ̀nà, má wo Bàbá Wàhábì tó jókòó sórí àga. Má wo àwọn ọmọ tí yóò pé jọ máa pariwo. Inú dígí ni kí o máa wò. Wàá rí mi níbẹ̀, láàárín ògiri àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú ìborùn aláwọ̀ ewé mi. Màá máa fi ọwọ́ pè ọ́: máa bọ̀, máa bọ̀, máa bọ̀. O mọ̀ pé n kì í pariwo. Ìgbà tí mo bá sọ ọwọ́ kalẹ̀, dúró.

Kò ní sí ohun tí yóò dún.

Èmi ni ìyá rẹ tó dúró sẹ́yìn ọkọ̀,
Sìdíkátù.